Ìṣó Mẹ́sàn-án Lábẹ́ Ibùsùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọjọ́ kẹrìndínlógún rè é tí mo di ìyàwó, n kò sì tíì rántí bí wọ́n ṣe ń rìn kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Mo jí, mo wo ọkọ mi, mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Kò sí yìí náà ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín láràárọ̀."

Fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti jáde! Ọkọ mi ló gbé ìròyìn náà wálé láti ibi tó ti lọ fi ilẹ̀kùn sí. Gbogbo ohun inú rẹ̀ rọrùn, àfi àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ní kí oníkálukú kọ nípa ara rẹ̀: ta ni ọ́, kí ló sì mú ọ fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn? Kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ lọ. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Èmi tí mo lè sọ ẹgbẹ̀rún kí omi tó hó lórí iná.

Mo sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìfọṣọ rẹ̀. Ó ń lọ ẹ̀wù ẹnì kan, kò gbójú sókè.

"Nípa ta ni wọ́n ní kó o kọ ọ́?"

"Nípa èmi fúnra mi ni, Àǹtí mi."

"Ṣé orúkọ tèmi á wà ńbẹ̀?"

"Á wà ńbẹ̀. Mo ṣèlérí."

"Ó dáa. Orúkọ mi ò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan rí. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń wọ̀ ọ́, tí mo bá lọ gba aṣọ tíṣà wá fọ̀."

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó tún béèrè nígbà tí mo ń lọ: "Orúkọ mi ní kíkún?" Mo ní ní kíkún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo kọ ọ́ tán ní ìjókòó kan. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogóje ọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní, "Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ooru mú. Ọṣẹ tún ti gbówó lórí, ẹ̀gbọ́n mi ní bó bá ń lọ báyìí, omi lásán ni òun á máa fi bẹ aṣọ.

Mo yọ bàbá mi kúrò lónìí. Ọgọ́fà ọ̀rọ̀ ni bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tó kú, n kò mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ nígbà tí mo fa ìlà lé e lórí, ó dà bí ẹni pé mo ní kó dìde lórí àga kí àlejò lè jókòó.

Lọ́sàn-án, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi sàmì sí aṣọ. Inki kan wà tó fi ń kọ àmì oníbàárà sí inú ọrùn ẹ̀wù. Omi kì í fọ̀ ọ́, ọṣẹ kì í bó o. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ méjì ti dúdú títí ayé nítorí rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ohun kan ṣoṣo tí òun kọ láyé tí kò ní parẹ́ nìyẹn, pé èyí tí òun kọ sí pátákó nílé-ìwé, wọ́n ti nù ún.

"Ibo lo bá a dé?"

"Mo ti dé ibi ìgbéyàwó."

"Ìwé nọ́ọ̀sì, ìgbéyàwó? Ṣé ọkọ rẹ ni aláìsàn náà?"

Mo ní ẹ má dá mi lóhùn, ayọ̀ ló ń pa mí. Ó ní ayọ̀ kì í pa èèyàn, ó kàn máa ń dí i lójú díẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kíka ọ̀rọ̀ lórí ìka ti sú mi. Tí mo bá dé bí igba, ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn, n ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi mú ìdáhùn bọ̀ láti ibi iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀: àpò ìṣó kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ìṣó kan sínú agolo. Tí agolo bá ti ní àádọ́ta ìṣó, ìwé kún. Ó ní bí òun ṣe máa ń ka pákó nìyẹn tí àwọn tó ń já a kì í fi í rẹ́ òun jẹ.

Ọgbọ́n wà lórí ọkọ mi! Mo ka tòní: ìṣó mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Agolo ń dún kẹ̀ǹ, kẹ̀ǹ. Gbogbo ilé ń gbọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìṣó mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ilé tí a gbé ní kékeré ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó bá mi kàwé ìdánwò ti lọ. Ìlà kan tí mo fẹ́ràn, nípa òórùn ilé ìwòsàn, ó lọ pẹ̀lú omijé. Ohun tó kù ni èmi, ilé-ìwé mi, ọkọ mi àti ìgbéyàwó wa, àti ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi sẹ́yìn pátápátá. Láti kékeré, ẹran ni mo máa ń tì sí ẹ̀gbẹ́ àwo títí oúnjẹ yòókù á fi tán. Ohun tó dùn jù ni a fi ń pa ẹnu dé.

Ọkọ mi ka ìwé náà, ó ní, "Ìṣó mélòó ni èmi?"

"Mẹ́rìnlá."

"Yọ mi. Ó tán nìyẹn, o ti bọ́ sábẹ́ àádọ́ta."

"N ò yọ ọ́!"

"Tó o bá yọ mi nínú ìwé, ṣé mo máa kó kúrò nílé ni? Nọ́ọ̀sì mi, àwọn tó máa ka ìwé yìí ò bá wa jó níbi ìgbéyàwó."

"Ìyẹn gan-an ló ṣe yẹ kí wọ́n gbọ́!"

"Kí wọ́n gbọ́ pé mo lè kan àga?"

"Kí wọ́n gbọ́ bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín!"

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa, gbé ẹ̀gbọ́n rẹ síwájú, kó o gbé mi sẹ́yìn. Tí pákó bá gùn jù, ìdí ẹ̀ la máa ń gé."

Mo ní iṣẹ́ káfíńtà ni ó mọ̀, kó fi ìwé sílẹ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo kọ ọ́ síbí torí ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo da ti ẹ̀gbọ́n mi kọ síbí, torí mi ò kọ nǹkan tó dára tó o rí:

"Ẹni tí mo fi sẹ́yìn nítorí pé ó ju gbogbo wọn lọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́            . Òun ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí mo rí láyé. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀, ó fi kíláàsì kẹfà sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo wà, ògiri kan ló wà láàrin. Odindi sáà kan ni tíṣà wọn fi ń pe orúkọ rẹ̀ láràárọ̀, bóyá ó máa padà wá. Àwọn ọmọ yòókù á dáhùn pé 'Mo wà níbí!' Tó bá kan tirẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni mo máa ń gbọ́. Iṣẹ́ tí ó ṣe láìkọ́ ni mo fẹ́ wá kọ́."

Mo fi àlàfo sílẹ̀ níbi orúkọ rẹ̀. Ẹnu mi ò pè é rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, Àǹtí mi ni mo mọ̀, ọwọ́ mi sì kọ̀ láti kọ ọ́ sínú ìwé ìpamọ́. Inú fọ́ọ̀mù ni n ó ti kọ ọ́, ní kíkún, bí mo ṣe ṣèlérí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Òjò àkọ́kọ́! Ó rọ̀ láti ọ̀sán, kò sí ẹni tó wá gba ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, ọkọ mi sì jókòó tì mí lórí ibùsùn kí a jọ kà á. Èmi ń kà, òun ń sọ ìṣó sí agolo. A ti dé ojú ìwé kẹta nígbà tí rédíò ará ilé kejì bẹ̀rẹ̀ orin kan tí wọ́n fi jó wa wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó fà mí dìde. A jó títí ẹsẹ̀ mi fi gbá agolo, ìṣó fọ́n káàkiri. A ṣà wọ́n, à ń rẹ́rìn-ín, a sì ń bá ìwé kíkà lọ.

Nígbà tí a parí, ó ka ìṣó inú agolo. Mọ́kàndínláàádọ́ta!

Mo fò sókè. Òun ń wo ilẹ̀. "Ṣé gbogbo ẹ̀ la ṣà?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Jẹ́ ká tún un kà."

"Ọkọ mi, ó ti tó, ó ti tó!"

Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé ó wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ìlà díẹ̀ péré ni mo yọ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ni í bá oríire jà?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó ti lọ. Èrò pọ̀ níbi oníkọ̀ǹpútà, gbogbo wa la dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ọkọ mi ń dúró lóde lórí ọ̀kadà tó yá, torí a fẹ́ lọ gba àwòrán ìgbéyàwó wa kí onífọ́tò tó ti ilé. Oníkọ̀ǹpútà tẹ ìwé mi tán, ó ní, "Ṣé ẹ ti ka iye ọ̀rọ̀ ẹ̀?"

"Ìṣó mọ́kàndínláàádọ́ta ni."

"Ìṣó báwo?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín mẹ́wàá."

"Ẹ wá wò ó kí n tó fi ránṣẹ́, ìyàwó."

Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n sórí láti òkè délẹ̀. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọkọ mi ń fun fèrè ọ̀kadà lóde.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àwòrán wa dára! Mo ti kọ́ ọ sókè ibùsùn. Agogo mẹ́rin lù, mo ní ilẹ̀kùn ti tì o, èmi ti wà nínú ilé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo ti ibùsùn síwájú láti gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ìṣó mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin

Mọ́kàndínláàádọ́ta àti mẹ́sàn-án, méjìdínlọ́gọ́ta. Ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ ó dín ogún. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà oníkọ̀ǹpútà kó tó ṣílẹ̀kùn.

Mo ní kó tẹ ohun tí wọ́n gbà lọ́hùn-ún jáde fún mi. Èmi wà níbẹ̀. Ilé-ìwé mi wà níbẹ̀. Ọkọ mi wà níbẹ̀ lódindi, ìṣó mẹ́rìnlá, ẹ̀rín rẹ̀ àti gbogbo àga tó kàn. Lẹ́yìn náà ni ìlà tó kẹ́yìn:

"Ẹni tí mo fi sẹ́yìn nítorí pé ó ju gbogbo wọn lọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́"

Ìyókù, ìwé funfun.

"Kí ló dé tí kò sọ fún wa?"

"Àpótí tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ sí yẹn kì í pariwo, ìyàwó. Tó bá ti kún, ó ti kún, á gé ìyókù dànù. Mo ṣáà ní kí ẹ wá wò ó."

"Ẹ jẹ́ ká gbà á padà. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọkọ mi."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ yí. Lẹ́yìn náà, ó rọra sọ pé, "Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ Ẹtì."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé ṣé ìwé náà kò ní ẹ̀dà ni, pé kí n wá kà á fún òun. Mo lọ. Mo fẹ́ sọ òtítọ́. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu.

Ó gbé àga fún mi. Ó ti nu àga náà kí n tó dé. Ó ní, "Máa kà, mo ń lọṣọ lọ, etí mi ló fẹ́ gbọ́." Mo kà. Ó rẹ́rìn-ín níbi ti ọkọ mi, ó ní, "Ọkọ rẹ ti fẹ̀ jù níbí o, sọ fún un kó sún kẹ́rẹ́." Mo dé ibi "tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́", mo dúró.

"O ò lè pè é! Ojú ń tì ọ́! Fò ó, máa lọ."

Mo fò ó. Mo wo ìwé funfun yẹn, mo sì ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀, láti orí, láì ṣi ọ̀rọ̀ kan: nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, kíláàsì kẹfà, ògiri, tíṣà, ìdákẹ́jẹ́. Òórùn jíjóná kọlu imú mi. Ó ti gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ọrùn ẹ̀wù.

"Ó ń pe orúkọ mi? Tíṣà wa?"

"Odindi sáà kan."

"N ò mọ̀," ló sọ. "N ò mọ̀ rárá. Mo rò pé ọjọ́ kejì ni wọ́n ti gbàgbé mi."

Ó na ọwọ́. "Mú ìwé yẹn wá." Mo fún un. Ó ká a sí méjì, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Mo jáde láì dágbére.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti mọ òwe náà láti kékeré, mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọjọ́ kẹrìndínlógún tí n kò dé ilé ìfọṣọ. Èmi ni mò ń fọ aṣọ wa. Ọkọ mi ní, "Àìsàn lo ń ṣe ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àmì oníbàárà ọgọ́rùn-ún ló ń kà lójúmọ́. Ṣé o rò pé kò mọ̀wé ni?"

Mo ní mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ni n kò ṣe lè lọ.

Ó jókòó tì mí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Orí ààyè ẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo ní kó o lé mi." Kò bínú sọ ọ́. Ì bá bínú, ì bá sàn.

Mo wo àwòrán ìgbéyàwó lókè ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn pátápátá, èjìká ẹnì kan bò ó lójú kan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà lára ògiri, n kò tíì rí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún

Orúkọ ti jáde. Èmi ni ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọkọ mi gbé mi yí po ní gbangba òpópó títí bàtà mi kan fi bọ́.

Wọ́n gbà mí. Wọ́n ka ìwé kan tó dúró lójijì bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu, wọ́n sì gbà mí. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni náà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ lówùúrọ̀ kí ọkàn mi tó yí padà. Oníbàárà kan, bàbá àgbà, jókòó tó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́; ó fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ dì mọ́ mi, ẹ̀yìn mi tutù rin. Orí èjìká rẹ̀ ni mo ti rí i. Ìwé mi wà lára ògiri, lókè tábìlì ìlọṣọ, ìṣó kan ló fi kàn án mọ́ ọn, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti rí i. Níwájú "tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́", ẹnì kan ti fi inki aṣọ kọ orúkọ kan, ní kíkún, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá bíi ti ọmọ ilé-ìwé.

Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Ìgbà wo lẹ kọ ọ́?"

"Ọjọ́ tó o kà á fún mi. O ò tíì dé ìta."

"Ẹ ti mọ̀?"

"Ẹni tó ń kàwé, ojú ẹ̀ máa ń rìn. Tìrẹ dúró sójú kan bíi ti ẹni tó ń wo kànga."

"Kí ló dé tẹ́ ò dá mi dúró?"

"O ń sọ̀rọ̀ tó dáa nípa mi. Ta ni í dá irú ẹ̀ dúró?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù. "Ó dùn mí o. Má rò pé kò dùn mí. Nígbà tó ò wá mọ́, ó tún dùn mí ju ìyẹn lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́. Bàbá àgbà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka dúdú rẹ̀ tọ́ka sí ògiri. "Ibì kan wà tó o fò lọ́jọ́ náà. Kà á."

"Àǹtí mi, ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè..."

"Ìwé ni mo ní kó o kà, mi ò ní kó o pè mí. Kà á."

Mo dìde. Mo gbé ojú mi sórí ìwé náà, mo sì jẹ́ kó rìn. Mo ka orúkọ rẹ̀ sókè, èyí àkọ́kọ́ àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ó nàró ṣánṣán, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, omi ọṣẹ ń kán láti ìgúnpá rẹ̀, ó sì dáhùn tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá àgbà fi ta gìrì:

"Mo wà níbí!"